Idà Tí Kì Í Jáde Láìgbọ́ Ẹjọ́: Àlàyé Lórí Ànímé Tí Ń Jẹ́ Mononoke

Ilé ọlọ́lá kan wà ní Japan àtijọ́ tí wọ́n ti ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Bí ọmọbìnrin náà ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé àwọn òbí rẹ̀ ni ó ṣubú lulẹ̀ tí ó sì kú, láìsí ẹni tó rí ọwọ́ tó pa á. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹlòmíràn ti tẹ̀ lé e. Àwọn ará ilé sá jọ sínú yàrá ńlá kan, wọ́n da iyọ̀ sílẹ̀ láti fi pààlà, ohun tí ojú wọn kò rí sì ń gbá ilẹ̀kùn láti ìta. Ọkùnrin kan tí ń kiri oògùn, tó kàn yà wọlé lọ́jọ́ náà láti tajà, jókòó sí àárín wọn. Idà kúkúrú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, idà yẹn nìkan ni ó sì lè ran ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn ń wo ojú rẹ̀ pé kí ó fà á yọ. Èsì tó fún wọn ni pé idà náà kò lè jáde. Kì í ṣe pé ó dógùn-ún, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà á. Àwọn onílé ni kò tíì sọ òtítọ́.

Báyìí ni àwọn òǹwòran ṣe kọ́kọ́ mọ ọkùnrin yìí, báyìí náà sì ni gbogbo eré rẹ̀, Mononoke, ṣe máa ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ràn ànímé, ìyẹn eré àwòrán ilẹ̀ Japan, ti ìjà àti ti ẹ̀mí àìrí, ni kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Àwọn mìíràn gbọ́, wọ́n wo apá kan, wọ́n sì pa á tì nítorí pé ó rú wọn lójú. N kò ní bá wọn jà, nítorí eré náà kì í fa ènìyàn lọ́wọ́ wọlé. Ìgbà kìn-ín-ní tí èmi fúnra mi wò ó, ojú ló ń ro mí, n kò mọ ibi tí mo lè fi wò láàrin àwọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣòro nínú rẹ̀ kò tó bí ènìyàn ṣe rò, gbogbo rẹ̀ ni ó sì so mọ́ òfin kan ṣoṣo tó de idà yẹn. Ẹni tí òfin náà bá yé ti ní kọ́kọ́rọ́ sí gbogbo ilé náà lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ti orúkọ kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá tẹ Mononoke sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni fíìmù tí Hayao Miyazaki ṣe ní ilé iṣẹ́ Studio Ghibli ní ọdún 1997, èyí tó sọ nípa ọmọbìnrin kan tí ìkookò tọ́ dàgbà nínú igbó. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan rárá. Mononoke kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ní èdè Japan fún ẹ̀mí tí ń da ọmọ ènìyàn láàmú, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ pé anjọ̀nú, tí ẹni mẹ́wàá sì lè fi ṣe orúkọ eré mẹ́wàá láìjẹ́ pé wọ́n jí i lọ́wọ́ ara wọn. Eré tí mo ń sọ yìí jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Toei Animation. Kenji Nakamura ni ó darí rẹ̀, apá 12 péré ni ó ní, orí tẹlifíṣọ̀n ni ó sì ti jáde láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007.

Ti ibi tó yẹ kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ọdún 2006, eré kan tí ń jẹ́ Ayakashi kó ìtàn ẹlẹ́rù mẹ́ta pọ̀ sínú apá 11. Ìtàn tó kẹ́yìn nínú wọn, tí wọ́n pè ní Bakeneko tí ó sì gba apá 3, ni ti ìyàwó tó kú lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni a ti bí ọkùnrin tí ń kiri oògùn náà, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní eré tirẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, apá 3 tó gbẹ̀yìn Ayakashi ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wò kí ó tó kan Mononoke rárá. Wọ́n sì tún dá kún ìṣòro wa, nítorí pé ìtàn tó parí eré ọdún 2007 náà ń jẹ́ Bakeneko. Ìtàn mìíràn pátápátá ni, ní ayé mìíràn, pẹ̀lú òkú mìíràn. Bakeneko kàn túmọ̀ sí ológbò tó di iwin ni, ológbò kan kò sì ní kó gbogbo orúkọ náà mọ́ra.

Nínú eré yìí, ayakashi àti mononoke kì í ṣe ohun kan náà, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ayakashi ni àwọn ẹ̀mí tó wà káàkiri ayé, tí wọ́n ń ṣe tiwọn bí àwa náà ti ń ṣe tiwa, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa ti gbà pé iwin ní igbó tirẹ̀ tí kò sì ní ẹjọ́ pẹ̀lú ẹni tí kò bá wọ ibẹ̀. Ìgbà tí ìbínú, ìbànújẹ́ tàbí ìkórìíra ọmọ ènìyàn bá lẹ̀ mọ́ irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń di mononoke. Bí ènìyàn kò bá ṣe ènìyàn níkà, kò sí mononoke. Nígbà tí ọkùnrin náà bá wọlé, tó wo òrùlé, tó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé mononoke wà níbí, ohun tó ń sọ fún àwọn tó jókòó ni pé ọ̀ràn kan ti ṣẹ̀ nínú ilé yìí, ẹni tó dá a tàbí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì wà láàrin yín. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ìwádìí ni gbogbo ìtàn náà kí wọ́n tó di ìjà.

Ohun mẹ́ta ni idà náà ń béèrè. Wọ́n ń pe àkọ́kọ́ ní katachi, ìyẹn ìrísí: irú ẹ̀mí wo ni èyí, kí sì ni orúkọ rẹ̀? Èkejì ni makoto, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ̀kẹta ni kotowari, tí mo lè pè ní ìdí ọ̀rọ̀, ìyẹn ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn ẹni tí wọ́n ṣe níkà, tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lè lọ. Orí kékeré kan wà tí wọ́n gbẹ́ sí ibi èkù idà náà, orí ọ̀hún sì ní eyín. Nígbàkigbà tí ọ̀kan nínú ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá hàn, eyín náà á pàdé kààn. Bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta bá pé, ọkùnrin náà á kéde pé òun tú idà sílẹ̀, ìgbà yẹn ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin èkejì àti ẹ̀kẹta ni ó máa ń ṣòro. Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó kó owó ọ̀gá rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Pé ó kó o, pé alẹ́ Jímọ̀ ni, pé ẹgbàá náírà mẹ́wàá ni, makoto nìyẹn. Ọlọ́pàá lè kọ ọ́ sílẹ̀. Pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé, pé ó ti bẹ̀bẹ̀ fún owó oṣù rẹ̀ nígbà mẹ́ta tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀gá sọ níjọ́ náà ni ó wọ̀ ọ́ lára jù, ìyẹn ni kotowari. Ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ ayé yìí ni makoto nìkan tó. Idà yìí ní kò tó.

Àwọn àgbà wa ní òwe kan pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Ìmọ̀ràn rere ni fún ẹni tí kò lágbára. Mononoke yí òwe náà dà sẹ́yìn: ọwọ́ ọkùnrin yìí ti wà lórí èkù idà láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá béèrè ikú tó pa òkú, irin náà kò ní kúrò nínú àkọ̀. Agbára ti wà nílẹ̀, ìmọ̀ ni kò sí. Nínú ànímé ìjà tó kù, akọni a máa lo ọ̀pọ̀ apá láti fi wá agbára kún agbára, ọ̀tá á lágbára jù ú lọ lónìí, yóò sì borí rẹ̀ lọ́la lẹ́yìn tó bá ti lọ kọ́ ọgbọ́n ìjà tuntun. Ọkùnrin yìí kò kọ́ ohunkóhun. Etí ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó bá fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, kì í pàṣẹ. Èdè ìtẹríba àtijọ́ ni ó máa ń lò, tí ó fi ń tọrọ pé kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun gbọ́ òtítọ́ àti ìdí ọ̀rọ̀ wọn. Bí ẹnìkan bá rò pé irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò lè gbóná, kí ó dúró de ìgbà tí eyín bá pàdé lẹ́ẹ̀kejì tí ilẹ̀kùn sì ti fẹ́ ya.

Ìtàn àkọ́kọ́ nínú eré ọdún 2007, Zashiki-warashi, ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni òfin náà ti hàn jù. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ bí ó ṣe parí lè fo ibí yìí, kí ó sì padà wá lẹ́yìn tó bá ti wò ó.

Òjò ńlá ń rọ̀. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Shino, tí oyún rẹ̀ ti hàn, wọ ilé ìgbàlejò kan ó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ibi tí yóò sùn. Ìyá arúgbó tó ni ilé náà ní kò sí àyè mọ́, gbogbo yàrá ti kún. Shino kò dẹ́kun ẹ̀bẹ̀, ó ní wọ́n fẹ́ pa òun àti ọmọ inú òun. Ìyá náà ṣe bí ẹni ń rò ó, lẹ́yìn náà ó mú un lọ sí yàrá kan lókè pátápátá tí wọn kì í fún àlejò. Bí eré náà ṣe ya ibẹ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn fiyè sí. Ògiri yàrá náà kún fún àwòrán aláràbarà, àwọ̀ pupa àti ofeefee ń dán, gbogbo rẹ̀ lẹ́wà, síbẹ̀ ohun kan nínú rẹ̀ kò mọ́ ọkàn. Ọmọdé kan yọjú, ó rẹ́rìn-ín, ó tún pòórá. Nígbà tí ọkùnrin tí wọ́n rán láti pa Shino wọlé, òun ni ó kú.

Ìrísí rẹ̀ kò pẹ́ hàn. Zashiki-warashi ni ẹ̀mí ọmọdé tí àwọn ará àríwá ìlà-oòrùn Japan gbà pé ó máa ń gbé inú ilé, tí ó sì máa ń mú oríire wá fún onílé. Ilé tó bá kúrò nínú rẹ̀ ni ó máa ń bàjẹ́. Kí ló wá dé tí ẹ̀mí oríire fi ń pa ènìyàn? Ọkùnrin náà jókòó, ó kọjú sí ìyá arúgbó, ó sì ń dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà jáde pé ilé aṣẹ́wó ni ilé ìgbàlejò yìí tẹ́lẹ̀. Obìnrin tó bá lóyún nínú wọn kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí náà yàrá òkè yẹn ni wọ́n ti máa ń ṣẹ́ oyún náà fún wọn, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Ara ògiri aláràbarà yẹn ni wọ́n sì tọ́jú àwọn ọmọ náà sí.

Òǹkàwé Yorùbá lè fẹ́ sọ pé àbíkú nìwọ̀nyí. Rárá o. Àbíkú wá sáyé, ó sì tún lọ, ìfẹ́ inú rẹ̀ ni ó ń ṣe, ìyá ni ó ń sunkún. Àwọn wọ̀nyí kò rí àyè wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni ní ti gidi. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju pé kí ẹnìkan bí wọn lọ, ìdí ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn, òun náà ni ó sì fa gbogbo ikú tó ṣẹlẹ̀: aboyún kan wọ yàrá wọn, ẹnìkan fẹ́ pa á, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Shino, tí gbogbo ayé ti sọ fún pé kó ṣẹ́ oyún tirẹ̀ tó sì kọ̀, ṣàánú wọn débi pé ó fẹ́ gbà láti bí wọn. Nígbà tí idà jáde níkẹyìn, ìjà náà kò jọ ìṣẹ́gun fún ẹnikẹ́ni. Mo ti wò ó ní ìgbà mẹ́rin, n kò sì tíì mọ ẹni tí mo lè sọ pé ó borí.

Ìjà náà fúnra rẹ̀ yẹ kí á sọ díẹ̀ nípa rẹ̀, nítorí ẹni tó gbọ́ pé ìwádìí ni lè rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ń sọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àwọn irinṣẹ́ ọkùnrin náà jẹ́ ìgbádùn tiwọn. Ó ní ìwé àdúrà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó máa ń jù mọ́ ògiri ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nígbà tí ẹ̀mí bá ń bọ̀, ohun tí wọ́n kọ sára wọn á di ojú, àwọ̀ wọn á sì di pupa láti ìpẹ̀kun ògiri kan dé èkejì, tí ènìyàn yóò fi mọ ọ̀nà tí ewu ń gbà bọ̀ láìrí ewu náà. Ó ní òṣùwọ̀n kéékèèké tó ní agogo, tí wọ́n máa ń fò jáde nínú àpótí, tí wọ́n á dúró lórí ṣóńṣó ẹsẹ̀ kan, tí wọ́n á sì tẹ̀ sí apá ibi tí ẹ̀mí wà. Nígbà tí idà bá jáde, ọkùnrin náà pàápàá á yí padà: awọ ara rẹ̀ á ṣókùnkùn, irun rẹ̀ á funfun, àwọn ilà tó ń dán bíi wúrà á sì máa rìn lára rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìjà náà máa ń gbà. Kò sí àròyé, kò sí pé ọ̀tá dúró láti ṣàlàyé agbára rẹ̀, nítorí gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣàlàyé ni wọ́n ti sọ tán kí idà tó kúrò nínú àkọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún máa ń béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni tí ń kiri oògùn. Kò ní orúkọ. Kusuriuri tí wọ́n ń pè é kò túmọ̀ sí ju ẹni tí ń ta oògùn lọ. Etí rẹ̀ rí ṣóńṣó, ó kun ojú, ẹ̀wù rẹ̀ ní àwọ̀ bíi ti labalábá, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń béèrè ibi tó ti wá. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀. Ní ayé Edo, ìyẹn orúkọ tí ìlú Tokyo ń jẹ́ nígbà náà, láti ọdún 1603 sí 1868, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè rìn bó ṣe wù ú ní Japan, nítorí ibodè wà lójú ọ̀nà. Àwọn tí ń kiri oògùn wà lára ìwọ̀nba ènìyàn tó máa ń rin ìrìn àjò jìnnà. Àwọn ará Toyama ni ó lókìkí jù nínú wọn. Wọn a gbé àpótí oògùn fún onílé láìgba kọ́bọ̀, wọn a sì máa lọ. Nígbà tí wọ́n bá padà dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọn a wo èyí tí onílé ti lò, wọn a gba owó ìyẹn nìkan, wọn a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ rò ó wò: àjèjì kan tó mọ inú ilé gbogbo ènìyàn, tó mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, tó sì lè fi iye oògùn tó dín nínú àpótí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé láàárín ọdún kan. Kò sí ẹni tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi ṣe olùwádìí. Àwa náà mọ irú rẹ̀, nítorí ìyá alágbo tó ń kiri àdúgbò a máa mọ ọ̀rọ̀ tí ọkọ kò mọ̀ nípa aya.

Nínú ìtàn tó kù, Umibōzu, tó gba apá 3 lórí ọkọ̀ ojú omi kan tó ṣìnà, fi hàn pé ìjẹ́wọ́ pàápàá lè jẹ́ irọ́. Iwin òkun kan béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ pé kí ni ohun tó ń bà á lẹ́rù jù lọ. Àgbà àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà kan jẹ́wọ́ pé ní nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn, àbúrò òun obìnrin gbà láti wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n dì pa gẹ́gẹ́ bí ẹbọ fún òkun, dípò òun, nítorí ìfẹ́. Omijé bọ́ lójú gbogbo àwọn tó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin oníkiri wa kò mira, idà rẹ̀ kò sì jáde, nítorí ìtàn tó dùn gbọ́ yẹn kọ́ ni òtítọ́. Ìtàn tí àlùfáà náà ti ń sọ fún ara rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, ẹnìkan náà ni olùfisùn, òun ni ẹlẹ́jọ́, òun tún ni ẹlẹ́rìí, ẹjọ́ rẹ̀ kò sì lè tán nígbà tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ tan ara rẹ̀.

Noppera-bō ṣókùnkùn ju gbogbo wọn lọ: obìnrin kan wà lẹ́wọ̀n, ó ní òun ni òun pa gbogbo ará ilé ọkọ òun, wọ́n sì ti dájọ́ ikú fún un. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀, àfi pé ẹni tó bá wò ó kí ó ṣọ́ fèrèsé ilé ìdáná.

Nue ni èyí tí mo fẹ́ràn jù. Àwọn ọkùnrin mélòó kan pàdé láti du obìnrin ọlọ́lá kan, eré tí wọ́n sì fi ń díje ni ti tùràrí: wọn a jó igi olóòórùn dídùn, kálukú a sì sọ èyí tó bá èyí mu. Àwọn ará Japan kì í sọ pé àwọn ń fi imú fa tùràrí; wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ọ ni. Ẹni tó ń sọ èdè mìíràn lè rò pé ewì ni wọ́n ń ké, ṣùgbọ́n kò sí ohun tuntun níbẹ̀ fún wa, àwa tí a ti ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti kékeré. Àwọn tó ya eré náà mú ohun tí wọ́n sọ lọ́wọ́ gidigidi. Gbogbo ayé inú ìtàn yìí jẹ́ dúdú àti funfun bí eérú, àfi ìgbà tí ẹnìkan bá gbọ́ òórùn náà. Nígbà náà ni àwọ̀ á tàn, pupa, ofeefee, àwọ̀ ewé, tí ó tún máa ń kú bí èéfín bá ti tán. Igi tí wọ́n ń jà lé lórí kì í ṣe àròsọ lásán pẹ̀lú. Igi olóòórùn kan wà ní ilé ìṣúra Shōsōin ní ìlú Nara títí di òní, Ranjatai ni wọ́n ń pè é, Oda Nobunaga tí ó jẹ́ jagunjagun ńlá sì gé díẹ̀ lára rẹ̀ ní ọdún 1574, nítorí pé ẹni tó bá lè gé e ti fi agbára rẹ̀ hàn. Ìtàn Nue béèrè ohun tí irú igi bẹ́ẹ̀ lè máa fi àwọn ènìyàn ṣe.

Nígbà tó bá kan Bakeneko tó parí eré, ayé ti yí. Iná mànàmáná ti dé, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tuntun ń gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú olórí ìlú nínú rẹ̀, ó sì jọ àwọn ọdún tí ti Tokyo gan-an bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọdún 1927. Ọkùnrin tí ń kiri oògùn wà nínú ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ẹ̀wù rẹ̀ àti àpótí rẹ̀, kò darúgbó rárá. Obìnrin oníròyìn kan ti kú lójú irin. Àwọn tó há mọ́ inú ọkọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní díẹ̀ lọ́wọ́ nínú ikú rẹ̀: ẹnìkan rí i kò sọ, ẹnìkan kò rí i ó sì sọ, ẹnìkan kàn gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí ènìyàn bá to gbogbo ìtàn náà pọ̀, láti ìyàwó tó kú lẹ́nu ọ̀nà dé oníròyìn orí irin, yóò rí ohun kan tí eré náà kò fi ẹnu sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni gbogbo wọn dá lé. Aṣẹ́wó, àbúrò tí wọ́n fi rúbọ, ìyàwó ilé tó wà lẹ́wọ̀n, obìnrin tí wọ́n ń du bí ẹrù, oníròyìn tó béèrè ohun tí wọn kò fẹ́ kó béèrè. Àwọn tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn gbà láti dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà ni ó sì di ẹ̀mí tí ń gbá ilẹ̀kùn. Nígbà tí Nakamura padà sí ìtàn yìí nínú fíìmù tó jáde ní oṣù Keje ọdún 2024, àti èkejì tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta ọdún 2025, inú Ōoku ni ó lọ, ìyẹn ẹ̀yìn ààfin Edo níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ń gbé tí ọkùnrin mìíràn kì í sì wọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ohùn ọkùnrin náà yí padà nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí, Hiroshi Kamiya ni ó ń sọ ọ́ níbi tí Takahiro Sakurai ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ ohùn àkọ́kọ́ yóò gba bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó bára mu.

Kí ló wá dé tí irú eré báyìí kò fi lókìkí tó bó ṣe yẹ? Ó kúrú, a kò sì lè fi apá 12 bá àwọn tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún apá du ojú ọjà. Òru ni wọ́n máa ń fi hàn, ní àkókò tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fuji ń pè ní noitaminA, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó fi ń pe eré àwòrán tí wọ́n kọ láti ẹ̀yìn wá síwájú, tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbàlagbà tí kì í sábà wo ànímé. Orúkọ rẹ̀ fara sin lẹ́yìn ti fíìmù tó gbajúmọ̀ jù ú lọ. Akọni rẹ̀ kò ní ọ̀rẹ́, kò ní ọ̀tá ayérayé, kò ní ìfẹ́ kankan tí a mọ̀, nítorí náà kò sí ohun púpọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ lè máa jiyàn lé lórí láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ń lé àwọn kan sá: gbogbo rẹ̀ rí bí ìwé ọlọ́nà tí a gé tí a sì lẹ̀ pọ̀, ènìyàn a máa rí ojú ìwé náà lára awọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ilẹ̀kùn tí ń ṣí tó sì ń pa ni ó sì ń gbé wa láti ìran kan sí òmíràn, nígbà mìíràn láìsọ bóyá ọ̀la ni àbí àná. Ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ìtàn ohun tí wọ́n tì mọ́lé ni gbogbo rẹ̀, bí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bá sì ti ń ṣí, inú lọ́hùn-ún ni a túbọ̀ ń sún mọ́.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí, apá 3 tó kẹ́yìn Ayakashi ni kí ó kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà apá 12 ti Mononoke ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí ó sì fi àwọn fíìmù sí ìkẹyìn. Kí ó má ṣe wò ó nígbà tó bá ń dáná tàbí tó ń tẹ ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, nítorí ẹni tó bá pàdánù gbólóhùn kan lè pàdánù makoto. Kí ó kàn máa tẹ́tí sí eyín tó wà lára èkù idà náà, kí ó sì máa kà á. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́ẹ̀kan, a ti mọ orúkọ ohun tó wà níta. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ẹnìkan nínú yàrá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bí ó bá pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí ó dákẹ́ kí ó sì máa wo ọwọ́ ọkùnrin náà.